Bí mo ṣe ń ya fọ́tò akàn létíkun Àgbádárìgì

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà dé etíkun Àgbádárìgì láàárọ̀ kùtù á mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe àsọdùn. Akàn tó ń gbẹ́ ihò sínú yanrìn níbẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta lórí ọ̀pá kékeré méjì. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa gbà yọ sí i tí kò ní rí yín.

Nítorí náà, ẹ má lé e. Ẹ wá ihò tí yanrìn tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ká sẹ́nu rẹ̀. Onílé wà nílé nìyẹn. Ẹ dojú bolẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì síbẹ̀, kí òjìji yín má bo ihò. Mo máa ń rọ yanrìn sínú àpò kékeré kan, kí n gbé kámẹ́rà lé e, kó lè rí akàn lójúkojú. Ẹ wá dákẹ́. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ojú kan. Ẹ má tíì tẹ kámẹ́rà! Á gbá yanrìn mọ́ra jáde, á sì jù ú nù: ìgbà tó bá ń jù ú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yà á, kí kámẹ́rà ṣí ojú fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá péré, tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ tẹ ojú akàn mọ́lẹ̀ lórí gíláàsì fóònù títí ojú kámẹ́rà á fi dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀.

Gúúsù ni etíkun wa kọjú sí. Tẹ́ ẹ bá ń wo òkun, apá òsì ni oòrùn ti ń yọ, apá ọ̀tún ló ń wọ̀ sí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ yanrìn kọjá, gbogbo ipa ẹsẹ̀ akàn á sì ní òjìji tirẹ̀. Tí òkun bá ń fà sẹ́yìn, yanrìn tútù á dà bíi dígí, ẹ ó rí igi àgbọn nínú rẹ̀ lódì. Lọ́sàn-án gangan, mi ò kí ń yọ kámẹ́rà rárá.

Tẹ́ ẹ bá bá àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ bá wọn di okùn mú ná. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà.

Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì létíkun láé. Mo ṣe é lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn fẹ́ yanrìn wọ inú kámẹ́rà, àmì dúdú sì wà lójú ọ̀run nínú gbogbo àwòrán mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iyọ̀ náà burú. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi tó mọ́, tẹ́ ẹ sì fún dáadáa, nu ara kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a ń gbé kámẹ́rà lé), kẹ́ ẹ tó jẹun.