Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Ẹ̀jẹ̀ fún Àyẹ̀wò: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Iléṣà

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ni o tàbí ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ kò gbọdọ̀ jẹun wá. Fún àyẹ̀wò ṣúgà tí a ń ṣe láìjẹun, ó kéré tán wákàtí 8 ni nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu: ẹ̀kọ, tíì, obì pàápàá. Omi lásán kò lòdì. Ẹ mu ún dáadáa, torí ẹni tí òùngbẹ gbẹ, iṣan ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè yọ. Ẹ má ya oko kí ẹ tó wá o. Ẹ gba láàbù lọ tààrà, kí ẹ di oúnjẹ dání. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró láìbèèrè, bí ẹ bá sì ti mu àgbo, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù.

Wọn yóò fi rọ́bà di apá yín lókè ìgúnpá kí iṣan lè yọ. Kò yẹ kó pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Wọn yóò fi spírítì nu ojú ibẹ̀, wọn á sì jẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá gbẹ, á ta yín. Abẹ́rẹ́ tuntun ni, ojú yín ló sì yẹ kí wọ́n ti já a nínú ọ̀rá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bèèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àfojúdi.

Ìgò ọlọ́mọrí àwọ̀ àlùkò ni ti PCV (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára) àti genotype (àyẹ̀wò AA, AS tàbí SS). Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ léraléra, tí wọn kì í jù ú jìgìjìgì. Mílílítà díẹ̀ ni ìgò kan ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà tó bíi lítà 5. Kò sẹ́ni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ yín tán.

Ohun tó ká mi lára jù ni orúkọ. Táíwò mélòó ló lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan! Ẹ fi ẹnu ara yín pe orúkọ yín ní kíkún àti ọjọ́ orí yín, kí ẹ sì dúró kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò lójú yín. Bí ìgò bá kúrò níwájú yín láìní orúkọ, èsì ẹlòmíràn lè di tiyín, kí wọ́n máa wo àrùn tí ẹ kò ní.

Fún ibà àti ṣúgà, wọ́n lè gún ìka, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ kòkó, ẹ gbọ́ o: omi dídùn ara kóró kòkó, tàbí ti ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá gbẹ mọ́ ìka, lè mú kí ẹ̀rọ ka ṣúgà yín sókè, nígbà tí ara yín ò ní nǹkan kan. Spírítì nìkan lè má mú un kúrò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ọmọ tuntun ní tiẹ̀, gìgísẹ̀ ni wọ́n ń gún.

Tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́, ẹ fi òwú tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ na apá. Ẹ má ká a. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sọ, kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ má tíì gun ọ̀kadà. Ẹ má fi ọwọ́ náà di àdá mú lọ́jọ́ yẹn. Bí ibẹ̀ bá wú, tó ń gbóná, ẹ padà lọ fi hàn wọ́n. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde, àti ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.