Bí A Ṣe Ń Ka Kálórì Oúnjẹ Tí A Sè Nílé, Títí Kan Èyí Tí A Tọ́ Wò

Ẹni tó bá ra bisikíìtì ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè yí ọ̀rá rẹ̀ padà kí ó sì ka iye kálórì tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò ọkà, ìyẹn àmàlà, àti ìkòkò ọbẹ̀ kò ní àkọlé kankan lára. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín sísanra kù máa ń fojú bu oúnjẹ ilé, ọkà ni wọ́n sì máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Èrò tèmi ni pé ọkà kì í sábà jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Epo tí a dà sínú ọbẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, àti ohun tí ọwọ́ ń jù sẹ́nu nídìí ààrò, ni kì í wọ inú ìṣirò.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré alábátìrì tó ń ka gíráàmù, ìwé àti bírò, àti àtẹ tó ń sọ iye kálórì tó wà nínú 100 gíráàmù oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe irú àtẹ bẹ́ẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2012, wọ́n sì mú un gbòòrò sí i ní 2019. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ ilẹ̀ wa ló sì kún inú rẹ̀.

Ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ní òfìfo, láìsí ìdérí, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ síbi tí kò ní sọnù. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n nígbà tí oúnjẹ ṣì gbóná nínú rẹ̀, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tẹ́ orí òṣùwọ̀n, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí 0, kí ẹ tó gbé ìkòkò lé e, kí ooru má bàa ba òṣùwọ̀n jẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ilé ìdáná kì í ru ju 5 kílò lọ. Bí ìkòkò yín bá wúwo jù, ẹ dá oúnjẹ náà sínú abọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọkà, èlùbọ́ gbígbẹ ni kí ẹ gbé sórí òṣùwọ̀n. Kóńgò àti kọ́ọ̀pù kò ṣe é gbára lé, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń bù ú ló ń sọ bó ṣe kún tó. 100 gíráàmù èlùbọ́ iṣu ní bí 340 kálórì. Ká ní ẹ fi 500 gíráàmù ro ọkà fún gbogbo ilé, ìyẹn jẹ́ 1,700 kálórì. Omi tí ẹ fi rò ó kò ní kálórì kankan, ó kàn ń fi kún ìwúwo rẹ̀ ni. Bí ọkà bá ti jinná, ẹ wọ̀n ọ́n tìkòkò-tìkòkò, kí ẹ yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò. Bí ó bá ku 2,000 gíráàmù, tí ẹ fi 2,000 pín 1,700, gíráàmù kan jẹ́ 0.85 kálórì, ẹni tí ẹ bá sì fi ìgbakọ bu 450 gíráàmù fún yóò jẹ bí 383 kálórì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbára lé iye tí áàpù orí fóònù ń kọ sí àmàlà: ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọkà tiyín rọ̀ tàbí ó le.

Ọbẹ̀ ló gba àfiyèsí jù. Ẹ gbé ìgò epo sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó dà á, kí ẹ tún gbé e lé e lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán. Ohun tó dín nínú rẹ̀ ni epo tó wọ ìkòkò. Gíráàmù epo kan, ìbáà ṣe epo pupa tàbí òróró, ní bí 9 kálórì, ṣíbí ìjẹun ńlá kan sì lé ní 120. Ká ní ẹ lo 120 gíráàmù epo pupa, ìyẹn 1,080 kálórì, tí ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti irú sì jẹ́ bí 300, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,380. Bí ọbẹ̀ náà bá wọ̀n 1,150 gíráàmù nígbà tó jinná, gíráàmù kan jẹ́ 1.2 kálórì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọbẹ̀ ata tó ti jinná dáadáa: epo á ti léfòó, á pọ́n ròrò lókè, ata á sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rọra bu ti òkè gbé epo púpọ̀, ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bù gbé ata, iye kan náà ni òṣùwọ̀n yóò sì kà fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ ro ọbẹ̀ pọ̀ dáadáa kí ẹ tó bu ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó gbà ṣe gbẹ̀gìrì, níbi tí ẹ̀wà gbígbẹ àti epo ti ní ìṣirò tiwọn. Ewédú kò ní ju díẹ̀ lọ. Ẹran àti ẹja ni kí ẹ máa wọ̀n lọ́tọ̀, kí ẹ sì wọn eegun tó bá kù nínú abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ láti yọ ọ́ kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ dín dòdò tàbí àkàrà, ẹ wọn òróró kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ jẹ́ kó tutù lẹ́yìn dídín, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi 9 sọ èyí tó dín di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sórí iye àkàrà tó jáde.

Ó ku ohun tí a ń tọ́ wò. Fífi ṣíbí kékeré tọ́ ọbẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó kò ju kálórì 6 lọ, ẹ má ṣe da ara yín láàmú lórí rẹ̀. Ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyẹn bí 30 gíráàmù, lé ní 170. Ìyá tó ń dín dòdò tó sì ń mú ọ̀kan nínú ìyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń jẹ àjẹkù ọmọ kí oúnjẹ má bàa ṣòfò, ẹni tí kàṣú sísun wà lórí tábìlì rẹ̀ láti àárọ̀, oúnjẹ gidi ni gbogbo wọn ń jẹ. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni pé kí ẹ ya abọ́ kékeré kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ jù sẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi sínú abọ́ náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀pà tàbí gààrí inú ike, ẹ wọn ike náà láàárọ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́, bí ẹlòmíràn kò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi kíkọ rẹ̀ di alẹ́, nítorí dòdò tí a jẹ lórí ìdúró kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn.

Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù lórí ìṣirò yìí láìjẹ́ pé wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

Níbi ìnáwó, níbi tí òṣùwọ̀n kò sí, ẹ lo iye ọbẹ̀ ilé yín kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, nítorí ọbẹ̀ àwọn alásè sábà máa ń lépo ju ti ilé lọ. Nílé, bí ẹ bá ti ṣírò ọbẹ̀ kan, ẹ lè máa lo iye náà títí di ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ìwọ̀n epo tàbí tí ẹlòmíràn bá se é. Nígbà náà ni kí ẹ tún un wọ̀n.