Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Aláìlówó Bá Ń Béèrè Lọ́yà Lọ́wọ́ Ilé-Ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà

Láti ọdún 1963, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Clarence Earl Gideon, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Florida tí ó fi pẹ́ńsù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ni ó ti di dandan fún ìpínlẹ̀ gbogbo láti yan lọ́yà fún aláìlówó tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn. Ẹ̀tọ́ náà dájú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ẹnu ara wọn bà á jẹ́ kí wọ́n tó rí adájọ́.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni èyí tó burú jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò á ní, "Bóyá ó yẹ kí n bá lọ́yà sọ̀rọ̀," á sì gbà pé òun ti béèrè. Kò tíì béèrè. Ní 1994, nínú ẹjọ́ Davis, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé irú ọ̀rọ̀ iyèméjì bẹ́ẹ̀ kò de ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kó sọ ni, "Mo fẹ́ lọ́yà, n kò sì ní dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi dé." Lẹ́yìn èyí, kí ó dákẹ́ ní tòótọ́, nítorí bí òun fúnra rẹ̀ bá tún dá ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà sílẹ̀, àyè ti ṣí fún ọlọ́pàá láti tún bi í léèrè nìyẹn. Kí ó má sì ro ẹjọ́ fún ẹbí lórí fóònù àtìmọ́lé, nítorí wọ́n sábà máa ń gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù owó ni ó tún kàn, èyí tí ilé-ẹjọ́ fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn kò lówó lọ́yà; ó ń béèrè owó oṣù, owó ilé, gbèsè, ọkọ̀, owó tó wà ní báńkì àti iye àwọn tí ènìyàn ń bọ́. Àwọn kan kì í tilẹ̀ gbà á nítorí pé wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ká owó lọ́yà lè yẹ fún lọ́yà tí ilé-ẹjọ́ ń yàn. Àwọn mìíràn ń fi owó pamọ́, wọ́n sì gbàgbé pé lábẹ́ ìbúra ni wọ́n ń kọ ọ́, àti pé ẹ̀sùn tuntun ni ìbúra èké.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ẹjọ́ ni ẹ̀tọ́ sí lọ́yà yìí kàn. Ẹjọ́ gbèsè tàbí ìkọ̀sílẹ̀ kò sábà sí nínú rẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ ìwọ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì tí ìjọba fẹ́ lé kúrò nílùú, ènìyàn lè mú lọ́yà wá, ṣùgbọ́n ìjọba kì í sábà san owó rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti yan lọ́yà náà, kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé ìjọba ni ó ń sanwó fún un. Oníbàárà rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Òótọ́ ni pé ẹjọ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í pààrọ̀ lọ́yà láìnídìí pàtàkì. Kíkọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí adájọ́ tún léwu, nítorí ohun tí a bá sọ nípa ẹjọ́ nínú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà kò gbọ́dọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi kìkì nítorí pé ó fẹ́ tètè relé. Láti 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, ó ti di ojúṣe lọ́yà láti ṣàlàyé fún un bóyá gbígbà bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú, nítorí náà kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.