Bí mo ṣe fi ìyáàlù tí kò sí níbẹ̀ lé èèyàn kúrò lọ́nà

Àgbàlá wa ní Mọ̀ọ̀rè, n'Ílé-Ifẹ̀, ni mo ti ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ẹni tó bá ki íápíìsì bọ etí gbọ́ ìyáàlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí onílù kankan kò sí, kí ara rẹ̀ sì gbà pé ó wà níbẹ̀.

Àwòrán ni mo kọ́kọ́ gbójú lé. Bí kámẹ́rà fóònù bá ti ń wo àgbàlá, ìlù á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àbúrò mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ni mo bá pa àwòrán tì, mo dojú kọ ohùn.

Bàbá onílù kan ládùúgbò bá mi lù ú, mo gbà á sílẹ̀, mo gbé e sínú Unity, sọ́fíwià tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá máa ń kan etí ọ̀tún ṣáájú tòsì. Ó ń sáré tó nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá náà sọ́nà 1,000, ìyàtọ̀ etí méjèèjì kò tó ẹyọ kan, síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Sọ́fíwià ló ń bá wa ṣírò ìyẹn.

Àmọ́ fóònù tó wà lọ́wọ́ kò mọ ibi tí orí kọ sí. Bí mo bá yíjú, ìlù á bá mi yí, bíi pé inú agbárí mi ni wọ́n ti ń lù ú. Mo fi rọ́bà de fóònù mọ́ fìlà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣiṣẹ́.

Èyí tó dà mí láàmú jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iwájú ni ìlù wà tàbí ẹ̀yìn. Èmi ni mo ṣe é: torí pé ohùn tí mo gbà ń hó ṣíì, mo ti gé gbogbo ohùn tín-ín-rín kúrò, ṣaworo sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ohùn tín-ín-rín ni kọ́lọfín etí wa fi ń mọ iwájú yàtọ̀ sẹ́yìn. Mo dá ṣaworo padà, mo sì fi ìró tó ń ta padà lára ògiri kún un. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n mirí.

“Ó ń dún, kò sọ̀rọ̀.”

Òótọ́ ni. Ìró ògiri ti da dò, re, mí pọ̀ mọ́ra, oríkì ti di ariwo. Mo dín in kù. Nígbà tí Bàbá tún gbọ́ ọ, ẹnu wọn ló bá a parí oríkì náà.

Àǹtí mi ni mo fi dán an wò, pẹ̀lú íápíìsì tí kì í dí etí pa, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn àgbàlá náà. Wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ojú wọn là kedere. Bí wọ́n ṣe dé ẹ̀gbẹ́ kànga, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n yà fún un, wọ́n ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Etí lè tan àwọ̀ ara náà jẹ. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí méjì ní Finland, Veikko Jousmäki àti Riitta Hari, ní kí àwọn èèyàn máa ra àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi máíkì gbé ìró rẹ̀ sí wọn létí. Bí wọ́n bá ti fi kún ohùn tín-ín-rín inú rẹ̀, àwọ̀ á dà bíi bébà gbígbẹ lára onítọ̀hún. Mo ṣe irú rẹ̀ fún Àǹtí lọ́jọ́ náà. Àárín ìgbà òjò la wà, àmọ́ wọ́n wo ọwọ́ wọn síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá wọn mú òrí wá.