Bí A Ṣe Ń Wá Ọ̀já Gàárì Tí Yóò Rọ Ẹṣin Lọ́rùn

Bí ẹṣin bá ń ká etí sẹ́yìn, tàbí tí ó ń yí orí padà láti bu ẹni tí ń di ọ̀já gàárì mọ́ ọn lábẹ́ àyà jẹ, ẹ má ṣe tètè pè é ní olóríkunkun. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀já náà máa dùn ún.

Ẹ fi ọwọ́ wá ibi tí àyà rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lẹ́yìn ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀já yóò máa sún lọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹṣin, ibẹ̀ máa ń jìnnà tó ìbú ìka mẹ́rin sí ìgúnpá. Ṣùgbọ́n lára ẹṣin tí ikùn rẹ̀ rí róbótó, ó lè sún mọ́ ọn gan-an, tí ọ̀já tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ yóò fi máa fa gàárì lọ sí èjìká, tí yóò sì máa bó awọ. Ọ̀já tí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé níbi ìgúnpá ni ó yẹ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún ọ̀já náà mọ́ ẹṣin lára, kí ìka méjì ṣì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ẹsẹ̀ iwájú síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan kí awọ tí ó ká lè nà. Mo ka èyí sí pàtàkì ju iye owó ọ̀já lọ. Bí egbò bá ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣe di gàárì mọ́ ọn títí yóò fi jinná, kódà bí ọjọ́ Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀.