Bí ẹ ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta tútù Coed y Brenin

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ojú mi mọ àpáta. Ṣùgbọ́n àpáta ilé máa ń gbẹ. Oòrùn á yan án títí, ẹsẹ̀ á sì dì í mú. Àpáta Coed y Brenin ní Wales kì í fẹ́ẹ̀ gbẹ. Òjò á rọ̀, igi á ṣíji bò ó, gbòǹgbò á tún gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kó ti ilé mọ̀ pé ilẹ̀ máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí a jọ ń gbé Birmingham ló ń bi mí bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n rò pé ọjọ́ ti lọ. Ọjọ́ ò lọ o.

Igbó náà wà nínú ọgbà orílẹ̀-èdè Eryri, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Snowdonia, ní àríwá ìlú Dolgellau, lẹ́bàá títì A470. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Birmingham, ẹ ka wákàtí mẹ́ta. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Dafydd Davis, òṣìṣẹ́ igbó, pẹ̀lú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ ní Britain ṣáájú àkókò yẹn. Òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà, wọn ò fi í sílẹ̀ ní ẹrẹ̀ lásán, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé gùn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹ bá rí àyè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbì kan kí ẹ wo bí wọ́n ṣe fi òkúta ti òkúta. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló mú kí n fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, pupa le, dúdú le gan-an. Ọ̀nà búlúù ibẹ̀ ń jẹ́ MinorTaur. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí agbára yín pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ tó ń lọ sí jíìmù lójoojúmọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ agbára ẹsẹ̀ kò ní kí táyà má yọ̀. Ẹ gun MinorTaur, ẹ padà, ẹ tún un gùn, títí ara yóò fi mọ ohun tí ojú rí kí ọpọlọ tó sọ ọ́. Wọ́n ṣe ọ̀nà náà débi pé àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ nítorí àìlera ẹsẹ̀ náà lè gbà á.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Temtiwr, tó jẹ́ pupa, bíi kìlómítà 9, lẹ́yìn náà Cyflym Coch, bíi 11. Dragon's Back gùn tó 31. Beast of Brenin ní tiẹ̀, dúdú ni, ó sì tó kìlómítà 38. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, Yr Afon ni kí ẹ mú. Ọ̀nà táwọn ọkọ̀ agégi ń gbà nínú igbó ni, ó ń bá odò Mawddach lọ títí dé ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, nítòsí Gwynfynydd tí wọ́n ti ń wa wúrà nígbà kan rí.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ìgboro lọ. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2.3, tí bíréékì rẹ̀ sì mú dáadáa, ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọkàn sí. Wọ́n á fún un títí á fi le koko, á wá máa ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 25 psi. Ẹni tó bá sanra tàbí tó ń lo tíúbù lè fi díẹ̀ kún un kí òkúta má baà já tíúbù. Ẹ tún wo ọwọ́ bíréékì: ní Britain, ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Ẹ dán an wò níbi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí kí ẹ tó wọ igbó. Akoto, ìbọ̀wọ́ àti ìbòrúnkún kò ṣeé fi sílẹ̀, akoto tó bá sì ti fara gbá nǹkan líle rí, ẹ má dé e mọ́.

Ó wá ku gígùn gan-an. Tí ilẹ̀ bá ti ń dà gẹ̀rẹ́, ẹ dìde kúrò lórí ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí pẹ́dà méjèèjì wà ní ọgbọọgba, kí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀, kí orúnkún àti ìgúnpá tẹ̀, kí ìgúnpá sì là síta. Kẹ̀kẹ́ á máa fò sókè, á máa bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ẹ̀, kí orí yín ṣáà wà lójú kan. Ìka kan péré ló yẹ kó wà lórí bíréékì lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìyókù di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ojú ló ń darí kẹ̀kẹ́. Òkúta tí ẹ bá tẹjú mọ́, òun gan-an lẹ máa kọlù, nítorí náà àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì máa wo ọ̀ọ́kán, kì í ṣe iwájú táyà.

Gbòǹgbò tútù burú ju àpáta tútù lọ. Ẹ gé e kọjá tààrà, ẹ má gbà á ní ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́, ẹ má sì tẹ bíréékì lórí rẹ̀. Kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù. Tí ẹ bá ti dé orí rẹ̀, ẹ tú ìka sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ yí lọ. Bákan náà ni níbi tó bá ti kọ́rọ́: ẹ tẹ bíréékì ṣáájú, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wá yí orí síbi tí ọ̀nà ń lọ. Ẹni tó bá ń ṣubú máa ń na ọwọ́ gbọọrọ láti fi gba ilẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, mo sì ń rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ọrùn ọwọ́ tó kán, egungun èjìká tó kán. Tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́, ẹ káwọ́ mọ́ra kí ẹ yí gbirigbiri.

Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ ti fi jíà fífúyẹ́ sí i kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó sí etí iwájú ìjókòó, ẹ máa wà á jẹ́jẹ́. Tí kò bá ṣeé gùn mọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má dá lọ. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín àwọn òkè yẹn. Láti ilé, ẹ kọ "register" ránṣẹ́ sí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Britain, kí ẹ tẹ̀ lé èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànwọ́ níbi tí ohùn ò ti ní í wọlé. Tí ẹ bá pè, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí ẹ wá sọ pé Mountain Rescue, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí òkè, ni kó bá yín pè. Nítorí igi gígé, wọ́n máa ń ti apá kan lára ọ̀nà. Àmì tó bá ní ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Natural Resources Wales tó ń bójú tó igbó náà ti dá oúnjẹ títà dúró nílé àlejò wọn láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, nítorí náà ẹ di tiyín lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti omi púpọ̀ ni mo máa ń dì.

Tí ẹ bá délé, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ apá àti ìtan dáadáa bóyá eégbọn ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà á yọ láti ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán òróró sí ṣéènì lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Tó bá fi máa di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, á ti máa dógùn-ún.