Àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá ń yan ìwé ìtàn fáwọn ọmọ wa

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń ṣàròyé pé ọmọ àwọn ò fẹ́ràn ìwé kíkà, pé fóònù nìkan ló mọ̀. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ fóònù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yẹ àwọn ìwé ìtàn tó wà nílé yẹn wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan níbẹ̀ tí ọmọ ọ̀hún fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Mọ́mì ló yàn án, tàbí dádì, tàbí tíṣà, tàbí àǹtí kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí ìtàn gbé lọ rí, tí wọ́n ń pè é wá jẹun tí ò dáhùn, á mọ̀ pé ọmọ ò kórìíra ìwé, ìwé tá a fi sí i lọ́wọ́ ni ò dùn mọ́ ọn.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ká sọ ìwé ìtàn di iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọ ọdún 9 jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ka ìtàn ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ni dádì bá yọ sí i: "Kí lo rí kọ́ níbẹ̀? Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Lọ gbé díkíṣọ́nárì wá, kọ ọ́ síwèé." Ẹ gbà mí o! Ọmọ yẹn ò ní rẹ́rìn-ín lójú yín mọ́ tó bá ń kàwé, á lọ máa kà á níkọ̀kọ̀ tàbí kó pa á tì pátápátá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀, ẹ bi í ní nǹkan tẹ́ ẹ máa bi ọ̀rẹ́ yín tó ń wo fíìmù kan lọ́wọ́: "Ibo lo bá a dé? Ta ló wá jí owó yẹn gan-an? Ṣé wọ́n ti mú un?" Á sọ̀rọ̀ títí ẹ̀yin fúnra yín á fi ní kó lọ sùn, ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá ìwé yẹn yé e láìṣe bí ẹni tó ń ṣèdánwò fún un.

Ìbátan ìyẹn ni ká máa wá ẹ̀kọ́ ìwà nínú gbogbo ìwé. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé tí wọ́n ń tà níta, ọmọ tó ń ṣagídí á kó sí wàhálà, èyí tó ń gbọ́ràn á rí sìkọ́láṣíìpù, ojú ìwé tó kẹ́yìn á wá béèrè pé kí lẹ rí kọ́. Ọmọ ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ látojú ìwé kejì, kí ló tún fẹ́ kà á dópin fún? Àwọn ìyá àgbà tó ń pàlọ́ fún wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjàpá tí wọ́n fi ń dá wa lára yá, olè ni, òpùrọ́ ni, olójúkòkòrò ni, gbogbo ọmọ ló sì fẹ́ràn ẹ̀, a ń gberin, à ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tọ́wọ́ bá tẹ ìjàpá tán ni ẹ̀kọ́ á tó yọjú, gbólóhùn kan péré, ó tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìtàn ọmọ aláìgbọràn tó ń pani lẹ́rìn-ín, kò ní sọ ọ́ dìdàkudà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, torí ibẹ̀ la ti máa ń ṣìnà jù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, "ọdún 8 sí 12", àbá lásán ni, kì í ṣe òfin. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà ní pírámárì 4 lè jìnnà síra gan-an nínú ìwé kíkà, ọ̀kan ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, èkejì ti ń jí ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kà. Ọ̀nà kan wà táwọn tíṣà máa ń lò tó rọrùn: ẹ ní kí ọmọ ṣí ojú ìwé kan láàárín ìwé yẹn kó máa kà á, tó bá ti kan ọ̀rọ̀ tí ò mọ̀ kó ká ìka kan, tí ìka márààrún bá ti ká tán kó tó ka ojú ìwé yẹn tán, ìwé yẹn ṣì le fún un láti dá kà. Láti dá kà ni mo wí o, torí ẹ̀yin ṣì lè kà á fún un.

Kẹ́ ẹ sì rántí pé ọmọdé fẹ́ràn láti ka ìtàn ọmọ tó fi díẹ̀ jù ú lọ, wọn kì í fẹ́ ka ìtàn àbúrò. Chike tó wà nínú Chike and the River tí Chinua Achebe kọ, tó jáde ní 1966, ọmọ ọdún 11 ni, ó kúrò lábúlé lọ sọ́dọ̀ àǹkù ẹ̀ ní Onitsha, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ò ju kó sọdá odò Ọya dé Asaba. Ọmọ ọdún 8 tàbí 9 ló máa gbádùn ẹ̀ jù, lójú tiẹ̀ ọmọ ńlá ni Chike, owó ọkọ̀ ojú omi tó sì ń wá kiri yẹn jẹ́ ìṣòro gidi. Ẹ gbé ìwé kan náà fún ọmọ JSS 3, á ní kẹ́ ẹ fún àbúrò òun.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn mọ̀wé gan-an ló máa ń ṣe òdìkejì. Ọmọ ọdún 8 ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mumi, inú wọn dùn, wọ́n bá lọ ra odindi Harry Potter méjèèje fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé kìíní tó jáde ní 1997 dáa fún un, Harry ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọdún 11 ni, ọ̀rọ̀ síkúùlù àti ọ̀rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Harry ń dàgbà bí ìwé ṣe ń lọ ni, nínú ìkẹrin tó jáde ní 2000 wọ́n pa ọmọ síkúùlù kan, ìkarùn-ún ju ojú ìwé 700 lọ, nígbà tó fi máa dé ìkeje Harry ti pé ọmọ ọdún 17, àwọn tó kú sì ti pọ̀. Pé ọmọ lè ka ọ̀rọ̀ ò ní kí ọkàn ẹ̀ lè gbé e. Ó lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan bó ṣe yẹ, kó má sì rí oorun sùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan lọ́dún ti tó, kí òun àti ọmọ inú ìwé jọ máa dàgbà.

Nǹkan míì tó máa ń dùn mí ni pé tí ọmọ bá ti lè dá ìwé kà, ẹnikẹ́ni ò ní kàwé fún un mọ́ nínú ilé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Etí ọmọ máa ń gba ìtàn tó le ju èyí tí ojú ẹ̀ lè kà, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọmọ ọdún 6 tó ń làágùn lórí ìlà mẹ́ta ní síkúùlù, ìtàn gígùn á yé e kedere tẹ́ ẹ bá ń kà á fún un lálẹ́, orí kan lálẹ́ kan. Àwọn ìwé Anna Hibiscus tí Atinuke kọ dáa fún ìdí yìí, ìkíní jáde ní 2007, lẹ́tà ẹ̀ tóbi, àwòrán pọ̀, ilé ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà ló dá lé, bàbá àgbà, ìyá àgbà, àwọn àǹtí, àǹkù, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Manchester tí ò gbé agbo ilé rí máa ń gbádùn ẹ̀ bíi tẹni tó dàgbà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo wà nídìí àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá, ọmọbìnrin kan tó máa tó ọmọ ọdún 10 mú kọ́míìkì kan, iwájú ẹ̀ ti ya díẹ̀, ó dì í mọ́yà. Màmá ẹ̀ gbà á, ó ṣí i wìrìwìrì, ó ní, "Àwòrán ni gbogbo ẹ̀ báyìí? Dá a padà. Mú ìwé gidi." Ọkùnrin tó ń tajà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó mú un, owó kékeré ni." Màmá kọ̀ jálẹ̀, ìwé gírámà ni wọ́n rà. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ṣí i wò, ó kàn jù ú sínú nálọ́ọ̀nù. Ìwé gidi ni kọ́míìkì o! Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó mọ èyí tó ṣáájú, kó fi ọpọlọ ara ẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan sí èkejì tí wọn ò yà. Bákan náà ni ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn àgbà máa ń fojú tín-ín-rín. Àwọn Pacesetters tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1977, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, adigunjalè, ọlọ́pàá, ìwé táwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń fi pa mọ́ sábẹ́ dẹ́sìkì, ẹ bi àwọn tó kà á nígbà yẹn léèrè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ pé ìwé lè dùn tóun á fi gbàgbé oúnjẹ.

Tí ọmọ bá ń ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá sì já ọ̀kan jù sílẹ̀ láàárín torí pé kò dùn, ẹ fi í sílẹ̀ náà, ṣebí àwa náà máa ń pa fíìmù tí ò bá dáa. Ti pé èyí jẹ́ ìwé ọkùnrin, èyí jẹ́ ìwé obìnrin, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ púpọ̀, ọmọkùnrin tó bá fẹ́ ka ìtàn tí ọmọbìnrin ń léwájú, ẹ rà á fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ má fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún 14 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ a, b, d. Yorùbá Fágúnwà tó kọ ọ́ jinlẹ̀, gbólóhùn ẹ̀ gùn, òwe ń gun orí òwe, àgbà gan-an máa ń dúró mí. Ìwé tó yẹ ká gbóhùn sókè kà fún wọn ni, kí wọ́n máa gbọ́ bí Àkàrà-Ògùn ṣe ń bá ẹbọra wọ̀yá ìjà. Tí ọmọ bá fẹ́ dá ka Yorùbá fúnra ẹ̀, tó sì jẹ́ pé fíìmù olè àti ọlọ́pàá ló ń wò, Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 lẹ máa wá fún un, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn, eré ń lọ, ẹnu àwọn èèyàn inú ẹ̀ sì mú.

Àwọn kan ò ní gba ìwé tí iwin tàbí idán wà nínú ẹ̀ láàyè nílé nítorí ẹ̀sìn. Mi ò fọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣeré, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ilé ìtẹ̀wé CMS, ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì, ló tẹ Ògbójú Ọdẹ yìí jáde ní 1938, ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni Fágúnwà sì ti ń ṣe tíṣà nígbà yẹn. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Ẹ ka ìwé náà fúnra yín kẹ́ ẹ tó sọ pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ kà á, ká má kàn wo àwòrán iwájú ẹ̀ ká dájọ́.

Tàwọn ọ̀dọ́langba ló gba sùúrù jù. Ọmọ ọdún 15 tí ìwé tó wà nílé fún un ò ju èyí tí JAMB àti WAEC ní kí wọ́n kà, ṣé ìyẹn ló máa jẹ́ kó fẹ́ràn ìtàn? Ẹ tún fẹ́ kí ìwé ẹ̀ má sọ nǹkan kan nípa ìfẹ́, nípa ìjà inú ilé, nípa ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́, á sì lọ kà á lórí fóònù níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ó sàn kí ìwé tó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn wà nílé, kẹ́ ẹ̀yin náà ti kà á. Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018, àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún 13 máa ń gbá a mú torí òrìṣà àti Yorùbá tó wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àti ìjìyà inú ẹ̀ le, kì í ṣe fún ọmọ pírámárì torí pé orúkọ tó mọ̀ ló rí níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ìwé tó bá ti gba ẹ̀bùn ló máa dùn mọ́ ọmọ yín. Ẹ̀bùn ìwé tí NLNG, ilé iṣẹ́ gáàsì Nàìjíríà, ń fún òǹkọ̀wé, dọ́là 100,000, ó máa ń kan ìwé ọmọdé láti ìgbà dé ìgbà, irú bíi 2011, 2019 àti 2024, iyì ńlá sì ni, àmọ́ àgbàlagbà ló ń ṣèdájọ́ níbẹ̀. Ẹ mú ọmọ dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, kó ka ojú ìwé méjì ní ìdúró, kóun fúnra ẹ̀ sọ bóyá ó wù ú.

Èyí tó kù, owó ló fà á, ó sì yé mi torí ìwé ti wọ́n: àyédèrú ìwé tí wọ́n ń tà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀. Bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé yíǹkì ojú kan ń hàn lójú kejì, lẹ́tà ẹ̀ kéré, ó rọ́ gbọọrọ, ọmọ tí ìwé kíkà ṣì nira fún á rò pé ojú òun ni ò dáa. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwé ní ìdìpọ̀ ojú ìwé 16, torí ẹ̀ tí wọ́n bá ṣì í dì, kì í ṣe ojú ìwé kan ló máa sọnù, odindi ìdìpọ̀ ni. Ọmọ á kà dé ojú ìwé 64, wọ́n fẹ́ mú olè báyìí, á ṣí i, á bá ojú ìwé 81. Ojúlówó tòkunbọ̀ tí iwájú ẹ̀ ti ya sàn jùyẹn lọ fíìfíì. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà ojú ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó, torí tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó tà á ò ní gbà á padà.